Ìdí tí Alántakùn Fi Ń Ta Okùn Ìdánwò Kó Tó Parí Àwọ̀n Rẹ̀

Nígbà láéláé, okùn alántakùn kì í gbọ̀n, kì í sì í sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹranko inú igbó ló ń yá a lọ́wọ́ Alántakùn, oníkálùkù sì ń fi ṣe iṣẹ́ tó wù ú. Ìlànà kan ṣoṣo ni Alántakùn máa ń sọ fún wọn.

"Ẹ̀ka tútù ni kí ẹ so ó mọ́. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀ka gbígbẹ o."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yá okùn láti fi ṣe afárá sórí odò. Ó gbọ́ ìlànà náà, ó mi orí pé òun gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé etí odò, ẹ̀ka gbígbẹ ló wà nítòsí. Ó so okùn mọ́ ọn. Okùn dákẹ́. Afárá dúró, gbogbo ẹranko sì kan sáárá sí Ọ̀kẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, Ìyá Ehoro ń mú ọmọ rẹ̀ kọjá. Pàkà! Ẹ̀ka kán. Ọmọ já sódò.

Wọ́n fa ọmọ jáde láàyè, ṣùgbọ́n ariwo ta.

"Okùn tó ti jẹrà ni Alántakùn yá wa!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ pariwo.

Erin, àgbà igbó, bojú jẹ́. "Alántakùn, bí o kò bá rí àlàyé ṣe kí oòrùn tó wọ̀, kó ẹrù rẹ kúrò nínú igbó yìí."

Alántakùn mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ sí etí odò. Okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ Ehoro. Òun ló dì mú tí omi kò fi gbé e lọ. Kò já níbì kankan. Ẹ̀ka gbígbẹ tó kán ṣì so mọ́ etí okùn náà.

"Bàbá Erin, ẹ wò ó. Okùn kò já. Ta ló so ó mọ́ òkú igi?"

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ká ìrù mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń so ó, kí ló dé tí okùn yín kò bá mi wí?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀!" ni Ìyá Ehoro wí. "Ṣé okùn ni yóò wá kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ Alántakùn lára. Ìlànà tí a kàn fẹnu sọ a máa bá afẹ́fẹ́ lọ.

"Láti òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun," ó ní. "Ibi iṣẹ́ ni okùn mi yóò ti máa ké, kò ní dúró de ọjọ́ tí ọmọ já sódò."

Ó ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ okùn tuntun. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé e, ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sórí ẹ̀ka gbígbẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni okùn gbọ̀n: "Dúró! Gbígbẹ ni!" Okùn náà sì tú ara rẹ̀ kúrò lára ẹ̀ka náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ariwo yìí mà pọ̀ jù!"

"Ẹkún Ìyá Ehoro ńkọ́? Ṣé ìyẹn kéré ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá ẹ̀ka tútù lọ, ó so okùn mọ́ ọn. Okùn náà kò ké mọ́. Nígbà tí wọ́n dán afárá wò tó yege, Alántakùn ká okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó sì jẹ ẹ́.

"Iṣẹ́ ti pé. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́."

Ọmọ Ehoro ló kọ́kọ́ kọjá.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tó ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà ń lò. Wọ́n ń fi ìṣọ́ sínú irinṣẹ́ tí wọ́n ń yá ara wọn, kó lè ké níbi iṣẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá lò ó lódì, kí iṣẹ́ náà tó dé ọwọ́ aráàlú.

Láti ọjọ́ náà ni alántakùn ti ń kọ́kọ́ ta okùn ìdánwò, tí ó sì ń ká a jẹ bí àwọ̀n bá ti ń parí.