Ìbẹ́pẹ Mọ́kànlélógún tí Métírọ́ọ̀nù Gún Lábẹ́rẹ́

Bí ẹnì kan bá ń fọ́nnu ní ìlú Arómipín pé òun mọ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i kó ṣe, ìlà kan péré ni wọn yóò fi dá a lóhùn: "Ìbẹ́pẹ ò ké, ìyẹn ò sọ pé ọwọ́ mọ abẹ́rẹ́." Àlejò á dúró, á máa rò ó. Ta ló ní kí ìbẹ́pẹ ké? Kí ló pa ìbẹ́pẹ pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́? Ilé ìwòsàn ìlú náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Métírọ́ọ̀nù Fẹ̀yìntọlá, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì lásán, Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń pè é. Bó ti wù kí iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sá pamọ́ tó, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń gún abẹ́rẹ́ tí omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára á fi máa wọlé. Wọ́n máa ń wá pè é láti wọ́ọ̀dù mìíràn. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ rí tí wọ́n fi gbé e kúrò nídìí iṣẹ́, tí wọ́n fún un ní ọ́fíìsì, àga tó ń yí, àti bírò mẹ́ta. Fún ọdún mẹ́rìnlá, ọwọ́ náà ò gún nǹkan kan mọ́ àfi bébà, ìyẹn náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so bébà pọ̀ ló ń bá a gún un.

Lọ́dún kan, nọ́ọ̀sì mẹ́rin ká ẹrù wọn lọ sí ìlú òyìnbó láàárín oṣù kan. Ó wá ku Nọ́ọ̀sì Táyélolú nìkan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn kọ̀wé jáde pé láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà ní ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ máa wá tọ́jú aláìsàn.

Métírọ́ọ̀nù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wò ó. Ẹ̀rù bà á. Iṣẹ́ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, orúkọ yẹn ni. Bí Ẹ̀ẹ̀kan bá lọ ń gún èèyàn kiri apá níwájú Táyélolú tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, kí ni wọn yóò máa pè é?

Ó rántí pé ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọsàn ni wọ́n fi kọ́ àwọn ní abẹ́rẹ́. Àmọ́ ọsàn ti kéré jù fún ẹni tó wà nípò rẹ̀. Ìbẹ́pẹ ló ní kí wọ́n lọ rà wá.

Òun àti igbákejì rẹ̀, Ìyáàfin Ajíṣafẹ́, ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n fi bírò fa iṣan sí ìbẹ́pẹ lára. Ṣùgbọ́n Métírọ́ọ̀nù kì í fọwọ́ kan aláìsàn tí kò ní fáìlì, nítorí náà wọ́n ya fáìlì fún ìbẹ́pẹ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé àyè tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀sìn, Ìyáàfin Ajíṣafẹ́ dúró.

"Mà, kí ni kí n kọ síbí?"

"Kọ ọ́ pé kò sọ fún wa."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó máa ta yín díẹ̀," ni Métírọ́ọ̀nù máa ń sọ fún ìbẹ́pẹ kó tó gún un.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gún mọ́kànlélógún. Wọ́n kọ àbọ̀ ìwádìí: nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó ké, kò sí èyí tó fa ara sẹ́yìn, kò sí èyí tó kọ̀wé ẹ̀sùn. Ọ̀kan jẹrà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàlàyé pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló fà á. Métírọ́ọ̀nù fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rù ò bà á mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ wọ́ọ̀dù. Bàbá Ọláòtán, onígbàjámọ̀ àtijọ́, ló wà ní bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Ó ti ń bì láti ọjọ́ méjì, omi ti tán lára rẹ̀, iṣan rẹ̀ sì ti wọlé lọ. Táyélolú ń tọ́jú ẹlòmíràn lọ́wọ́. Métírọ́ọ̀nù gbá apá bàbá mú, ó gún un.

"Yéè!"

Métírọ́ọ̀nù fò sẹ́yìn. "Kí ló dé?"

"Ẹ gún mi tán, ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé?"

Ó mú abẹ́rẹ́ tuntun, kò bá iṣan. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà ò bá a. Bàbá ké ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Àwọn mọ́kànlélógún tó ṣáájú yín, kò sí èyí tó ké."

"Àwọn wo nìyẹn?"

Métírọ́ọ̀nù kì í purọ́ lórí ohun tó ti fọwọ́ sí. "Ìbẹ́pẹ ni wọ́n."

Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì rọra kó apá rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ aṣọ.

"Ìbẹ́pẹ," ni Bàbá Ọláòtán sọ.

"Wọ́n ní fáìlì, sà."

Bàbá wò ó títí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n kò lókun tí yóò fi rín in. "Métírọ́ọ̀nù, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ò gbé akèrègbè fún mi fá. Orí ọmọdé tó ń ké ló gbé síwájú mi. Ó ní igbe ọmọ ló máa sọ fún ọwọ́ mi ibi tó ti tẹ abẹ jù. Igbe tí ẹ̀ ń sá fún yìí, òun ló yẹ kẹ́ ẹ máa gbọ́. Ẹ mú òmíràn. Bó bá ta mí, màá sọ."

Métírọ́ọ̀nù mọ ohun tó kàn, ó sì mọ̀ pé orúkọ Ẹ̀ẹ̀kan máa bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Táyélolú, ọmọ mi, wá dúró tì mí. Mi ò rí i."

"Mà, ẹ má fojú wá a. Ẹ fi ìka wá a."

Ó fi ìka tẹ apá náà jẹ́jẹ́. Ohun kan rọra ta padà lábẹ́ ìka. Ìbẹ́pẹ kan ò ta bẹ́ẹ̀ rí. Ó gún un níbẹ̀.

"Ó ń ta mí," ni bàbá wí. "Ẹ rọra... Ó ti dín kù."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, àwọn aláìsàn ti ń pè é ní Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ó sì ń jẹ́ orúkọ náà. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti di Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí bàbá ń lọ sílé, ó yà sí ọ́fíìsì Métírọ́ọ̀nù láti dúpẹ́. Ìyáàfin Ajíṣafẹ́ nìkan ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú fáìlì tuntun níwájú rẹ̀.

"Ẹ ò tíì wá sí wọ́ọ̀dù wa," ni bàbá wí.

"Mò ń bọ̀, sà. Ọwọ́ mi ti já gaara. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti gún báyìí, kò sí èyí tó ké."

Bàbá Ọláòtán fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa kó tó dáhùn.

"Ìyá, ìbẹ́pẹ ò ké, ìyẹn ò sọ pé ọwọ́ mọ abẹ́rẹ́."