Òkúta Nínú Ìrẹsì Ìyá Ọba

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Ìdí ààrò Ẹtu ló jókòó sí, ó sì na ìka sí Òkété.

Ní ìgbà kan rí, Kìnnìún jẹ ọba àwọn ẹranko. Ìyá rẹ̀ ti gbó, eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kórè ìrẹsì tuntun, ìyá ní òun fẹ́ jẹ ẹ́. Kìnnìún gbé igbá ìrẹsì kan fún Ẹtu.

"Kó jinná kí oòrùn tó wọ̀. Bí òkúta bá fi lè kan eyín ìyá mi, ọmọ ẹ̀yìn rẹ yẹn ni màá fi jẹun alẹ́."

Ẹtu fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Àsàkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń sùn níbẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Omi kò pọ̀ nílé. Èyí tí Ẹtu gbé kaná ni, àti ìwọ̀nba tó wà nínú akèrègbè Àsàkẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Òkété, aládùúgbò rẹ̀, yọjú.

"Ìyá Àsàkẹ́, ẹ kú ìdáná o! Ẹ máa kiná bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣan ìrẹsì yẹn lódò."

"O ṣeun, àbúrò mi. Da omi àkọ́kọ́ nù o. Kí o wá máa dà á láti igbá dé igbá, kí òkúta lè dúró sísàlẹ̀."

"Háà! Ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní ìrẹsì ṣíṣàn?"

Ó pẹ́ gan-an kó tó padà. Oòrùn ti ń lọ, omi ti ń hó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété méjèèjì wú bí tìmùtìmù.

"Kí ló ṣe ọ́ lẹ́nu?"

"Eyín ló ń dùn mí," ó fi imú sọ ọ́. "Mo ti ṣan án. Ẹ má fomi kàn án mọ́ o. Bí ẹ bá tún un ṣan, gbogbo adùn rẹ̀ á bómi lọ. Kí lẹ máa sọ fún ọba?"

Kò lọ ilé. Ó jókòó, ó ń dúró de èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Ẹtu gbé igbá sókè ìkòkò. Bí kò bá ládùn, ọmọ lọ. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, ọmọ lọ. Àsàkẹ́ yí orí, ó mí sí i lọ́rùn.

Ẹtu sọ igbá kalẹ̀.

"Ìyá Àsàkẹ́, oòrùn ń wọ̀!"

"Jẹ́ kó máa wọ̀. N kò tíì fọwọ́ ara mi bọ̀ ọ́."

Ó da omi akèrègbè Àsàkẹ́ sí i, ó fọwọ́ rò ó. Omi náà funfun bí ògì. Kò sẹ́ni tó ṣan ìrẹsì yìí rí! Ó rọra dà á láti igbá kan sí èkejì. Kẹrẹ. Kẹrẹkẹrẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí Òkété bù dí àyè ìrẹsì ló kún ìsàlẹ̀. Ìrẹsì tó ṣẹ́kù kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ.

"Òkété! Ìrẹsì ọba dà?" Ẹtu ké.

Kìnnìún àti ìyá rẹ̀ ti wọlé. Òkété fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìrẹsì ti rin, ó ti wú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mmm," ni gbogbo ohun tó lè wí.

"La ẹnu!" Kìnnìún ní.

Ó là á. Ìrẹsì dà sílẹ̀ ṣààà.

Ìyá Ọba fi ọwọ́ bomú. "Ẹ má se tibẹ̀ yẹn fún mi o, bí ẹ bá tiẹ̀ ń ṣan án dọ̀la."

Kìnnìún fò mọ́ Òkété. Òkété kó sínú ihò ẹ̀yìn ààrò, inú ihò ló sì ń gbé di òní.

Ẹtu se ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì náà. Ìyá Ọba bù ú sẹ́nu. Gbogbo wọn ń wo eyín kan ṣoṣo yẹn. Ó jẹ, ó jẹ, ó gbé e mì.

"Bu díẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ," ó ní. "Ó dùn."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: bí ẹnìkan bá ní òun ti bá ọ ṣan ìrẹsì, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì tún un ṣan. Ìwọ tí o sì ń yọ́ bu nínú oúnjẹ tí a fi sí ọ níkàáwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ni yóò sọ fún wa.