Ìjókòó tó gba Àwẹ̀ró là nínú Igbó Igi-Ń-Rìn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin àgbà tí ewú ti bo orí yín bí òwú tó là lóko, ẹ̀yin ìyá tí ẹ pọn ọmọ sẹ́yìn tí ẹ tún ń fi ọwọ́ bó ẹ̀gúsí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ilé á tù yín lára bí omi inú àmù. Èmi Ọdẹ́yalé, ọmọ Òkè-Orógbó, ìlú tí wọ́n ti ń fún àlejò lómi mu kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ̀, ni mo ń kí yín. Ìrìn kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ọdẹ ń purọ́, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ló ń gúnyán lẹ́yìn ilé yìí, ẹ sì ń gbọ́ ìró odó rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí sí olówe. Bí mo bá ń nu ìbọn, òwe ni. Bí mo bá ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀, òwe ni. Bí àkàrà bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ní òwe fún un pẹ̀lú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ: "Bí ọ̀nà bá sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́, jókòó síbi tó ti sọnù, ọ̀nà á wá ọ wá." Àwẹ̀ró aya mi a sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, a ní, "Bàbá Àjọkẹ́, òwe yín kò kúkú ṣeé fi se ọbẹ̀. Ẹ pa ẹran wá." Àwọn obìnrin ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á fajú ro díẹ̀, n ó sì jẹ oúnjẹ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, Àwẹ̀ró àti àwọn obìnrin ilé lọ wá olú. Àwọn yòókù dé, òun kò dé. Wọ́n ní ó rí ibi tí olú ti pọ̀ bí ìràwọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ lọ, ó ń he é lọ, títí ó fi wọ Igbó Igi-Ń-Rìn. Há! Àyà mi là gàràgà, bí ìkòkò gbígbóná tí wọ́n da omi tútù lé. Igi igbó yẹn kì í dúró lójú kan bíi tiwa, gbòǹgbò ni wọ́n fi ń rìn bí alákàn, ẹkùn kan sì wà níbẹ̀ tó jogún igbó náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo mú ìwo tí mo ń kó ẹ̀tù ìbọn sí, mo ké pe Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, mo sì sáré wọnú igbó bí ẹni tí oyin ń lé.

Bí mo ti ń sáré ni igi ń sáré. Ìrókò tí mo fi sọ́tùn-ún bọ́ sósì, àràbà tí mo ti kọjá wá ń dúró dè mí níwájú, ọ̀nà tí mo bá là, igi á ti dí i kí n tó bojú wẹ̀yìn. "Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró!" Mo fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, mo ṣubú lulẹ̀ gbì, ìwo là, gbogbo ẹ̀tù mi dànù sínú ẹrẹ̀.

Ìgbín kan wà níbi tí mo ṣubú sí, ó tóbi tó odó. Ó yọ ojú méjèèjì sí mi, ó ní, "Ọdẹ́yalé, ta ló ń lé ọ?"

Mo ní, "Aya mi ni mò ń wá. Jọ̀ọ́, kúrò lọ́nà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìkarahun rẹ̀ fi ń mì. "Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi ń fi orúkọ mi kọ́ ọmọ, 'pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi,' ẹ kò fún mi ní ewé ìbẹ́pẹ kan nítorí rẹ̀. Ọ̀ràn wá dé, ò ń fò bí ẹni tí iná ń jó nídìí. Òwe tìrẹ, ṣé ẹnu nìkan ló ń gbé ni?"

Ojú tì mí, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìgbín nínú ẹrẹ̀ yẹn. "Ẹ má bínú, bàbá. Kí ni kí n ṣe?"

"Igi wọ̀nyí," ó ní, "bí ènìyàn bá sáré, wọn a tú ká, bó bá rọra rìn, wọn a dúró, bó bá jókòó, wọn a rọ̀gbà yí i ká bí òròmọdìyẹ ti ń rọ̀gbà yí ìyá wọn ká. Máa tẹ̀ lé mi."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹkùn wà nítòsí aya ènìyàn, kí ọkọ sì máa tẹ̀ lé ìgbín, ẹ bá mi wo sùúrù! Ṣùgbọ́n ọ̀nà là gbọnrangandan níwájú wa, igi kan kò mì. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn kan tí n kò lè ṣì mọ̀ láàrin ẹgbẹ̀rún obìnrin: "Lọ wáṣẹ́ ṣe! Àgbàlagbà ẹkùn bíi tìrẹ, ò ń yí igi ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀!"

Àwẹ̀ró rèé! Ó jókòó lórí gbòǹgbò, agbọ̀n olú wà lórí itan rẹ̀, àwọn igi sì fún mọ́ra yí i ká tó bẹ́ẹ̀ tí ẹkùn kò rí ibi ki orí bọ̀. Ẹkùn gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó yíjú padà. "Ọdẹ, o káàbọ̀. Ìbọn rẹ kò ní ẹ̀tù, mo ti gbóòórùn rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Wá wò ó bí mo ṣe ń yọ́."

Gbogbo ara mi ní kí n sá. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra tán kí Àwẹ̀ró tó ké láti àárín igi: "Bàbá Àjọkẹ́! Òwe yín dà? Ẹ jókòó!"

Mo jókòó. Mo fìdí lélẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó jókòó síwájú oúnjẹ, mo dijú, mo ní, "Olúwa, ọwọ́ rẹ ni mo wà." Ilẹ̀ ń ró gbìrìgbìrì, èékánná ń ha èèpo igi, nígbà tí mo lajú, àràbà, ìrókò àti ayùnrẹ́ ti tò yí mi ká, imú ẹkùn nìkan ló ń yọ láàrin igi méjì. Ó mirí. Ó ní, "Ìdílé tó mọ ìjókòó ṣòroó jẹ," ó kùn hùn-ùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí a kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ìgbín ní kí a rọra dìde, a rọra dìde, igi sì ṣí bí ilẹ̀kùn. Mo di ọwọ́ aya mi mú, ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ìjókòó yẹn?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Láàárọ̀, lálẹ́, ẹ ń dà á sí mi létí. Ẹ rò pé bí mo bá ń rẹ́rìn-ín, n kò gbọ́ ni?" Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ni òwe, kí ló yí yín nínú ẹrẹ̀ báyìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹrẹ̀ ara mi. A já ewé ìbẹ́pẹ tó tutù yọ̀yọ̀ fún ìgbín, láti ọjọ́ náà, wọn kì í se ìgbín nílé mi. Àwẹ̀ró fi olú se ọbẹ̀, nígbà tó gbé e síwájú mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Àjọkẹ́, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Òwe ló se ọbẹ̀ yìí."

Nítorí náà, ẹ má ṣe dẹ́kun ọ̀rọ̀ rere nínú ilé, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi yín rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín náà ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń fi ẹnu sọ ọ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú. Odó ti dákẹ́, iyán ti délẹ̀. Ẹ rọra máa lọ, ẹ má sáré, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀nà ilé yín dá yín mọ̀.