Bọ́ọ̀lù tí Láníyan Kò Yí Wò

Bí ẹ bá dé ìlú Ìlágbẹ̀dẹ, tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ tí ẹ kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ gbéyàwó fún ọmọ yín láì bi ará àdúgbò ọmọbìnrin náà léèrè ọ̀rọ̀ kan, àgbà tó bá wà nítòsí yóò sọ fún yín pé, "Ẹni tó tijú àtiyí bọ́ọ̀lù wò lọ́jà, ìtìjú ló rà wálé." Àlejò a máa wo ẹnu onítọ̀hún. Kí ló kan bọ́ọ̀lù nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti ìyàwó? Ta ló sì ń yí bọ́ọ̀lù lọ́jà? Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ọkùnrin kan ni ojú rẹ̀ rí i kí ó tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń pa lówe. Láníyan aláṣọ ni wọ́n ń pè é.

Léèsì àti àǹkárá ni Láníyan ń tà. Ní ti aṣọ, kò sí ẹni tó lè tàn án jẹ. Bó bá ti fi ìka méjì fún etí aṣọ lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ bóyá yóò ṣá tàbí kò ní í ṣá, bóyá yóò fà ya níbi ìránṣọ tàbí yóò bá olówó rẹ̀ dalẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lọ ra ohun tí kì í ṣe aṣọ: àga, ọ̀kadà, àgbò Iléyá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun kò mọ̀ ọ́n. "Ojú kì í purọ́ fún mi," ni yóò wí, wọn a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìlágbẹ̀dẹ ní ẹgbẹ́ kan tó ń gbá sínúkà, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá ti bọ́ọ̀lù kéékèèké sínú ihò etí tábìlì, lábẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́. Tábìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bàbá Ọládòkun, tó wa rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìntì, ni alága wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn ni Múfútáù bíríkìlà. Ẹlòmíràn a máa fi ọ̀pá na bọ́ọ̀lù bí ẹni ń pa ejò, ṣùgbọ́n Múfútáù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń tì í jẹ́jẹ́, tí bọ́ọ̀lù á rọra rìn lọ bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé, tí yóò sì já sínú ihò láì pariwo.

Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti kọjá, àwọn ará Òkè-Awẹ́ máa ń wá bá wọn figagbága lábẹ́ àtíbàbà yìí. Lọ́dún tí à ń sọ, bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ń lò ti gbó kọjá àmúpamọ́. Òmíràn ti sán, òmíràn ti jẹ létí, nọ́ńbà ara wọn sì ti pa rẹ́. Ẹgbẹ́ dáwó jọ. Tuntun ju agbára wọn lọ, àlòkù tó dára ni wọ́n ní kí wọ́n wá lọ sí Ìbàdàn. Bàbá Ọládòkun ní kí Múfútáù lọ, nítorí òun ló ń gbá a. Láníyan rẹ́rìn-ín.

"Gbígbá yàtọ̀ sí rírà," ó ní. "Ẹni tó mọ ọbẹ̀ lá, ṣé dandan ni kó mọ ẹran rà? Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ rà á."

Bàbá Ọládòkun wo ojú Múfútáù. Múfútáù ní, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá lọ, sà. Wọ́n mọ ọjà jù mí lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Láníyan ṣe wọ agbádá, ó di Ìbàdàn. Ó dé ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùbérù, tó ń ta oríṣiríṣi ẹrù tòkunbọ̀. Sùbérù gbé bọ́ọ̀lù sínúkà oríṣi méjì síwájú rẹ̀. Ìkíní ti ṣú, èyí tó yẹ kó funfun nínú wọn ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Ìkejì ń dán, ó pupa níbi pupa, ó dúdú níbi dúdú, ojú ènìyàn hàn lára rẹ̀ bí ẹni wo dígí. Láníyan béèrè iye wọn. Èyí tó ṣú ló wọ́n jù.

"Ṣé o kò ṣì í sọ?" Láníyan ní.

"N kò ṣì í sọ, Bàbá," Sùbérù dáhùn. "Èyí tó ṣú yẹn, inú ilé ìgbafẹ́ kan tó kógbá sílé ni wọ́n ti kó o wá. Ó wúwo, ó sì dọ́gba yíká. Èyí tó ń dán, ẹni tó tà á fún mi ló kùn ún bẹ́ẹ̀, n kò lè búra sí inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dín owó rẹ̀. Ilẹ̀ ìsọ̀ mi tẹ́jú. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yí wọn wò. Ẹ rọra yí i ni o, bó bá sáré, kò ní í sọ òótọ́."

Láníyan wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn obìnrin méjì ń yẹ fáànù wò nítòsí. Ọkùnrin kan tó máa ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìlágbẹ̀dẹ náà wà níbẹ̀, ó ti kí i, "Bàbá aláṣọ, ẹ kú ọjà." Láníyan rò ó wò pé òun yóò ká agbádá, òun yóò lóṣòó sílẹ̀, òun yóò máa yí bọ́ọ̀lù lójú gbogbo ayé bí ọmọ tó ń ta òkòtó. Ojú rẹ̀ gbóná. Ó mú ọ̀kan nínú èyí tó ń dán, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì fún un bí ẹni fún etí aṣọ.

"Mo ti rí i," ó ní. "Kó èyí fún mi."

"Ẹ ò ní yí i wò, Bàbá?"

"Ṣé ọmọdé ni mí?"

Sùbérù kó o sínú àpò, ó so ó.

Nígbà tí Láníyan padà dé, ó tú àpò náà lójú ẹgbẹ́, bọ́ọ̀lù ń kọ mànà. Ó tún fa owó tó ṣẹ́kù yọ, ó dá a padà fún alága. Ariwo sọ. Wọ́n ní irú ojú báyìí, ọ̀wọ́n ni. Múfútáù na ọwọ́ kó lè gbá ọ̀kan wò, ṣùgbọ́n Láníyan ti ń kó wọn sínú àpò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tọ́jú wọn di ọjọ́ ìdíje, kí àlejò lè bá wọn bí wọ́n ṣe ń dán.

Ilé ló ti wá yí ọ̀kan wò fúnra rẹ̀. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Láníyan mú bọ́ọ̀lù dúdú, ó rọra yí i lórí sìmẹ́ńtì, kí obìnrin náà lè rí ohun tí òun rà. Bọ́ọ̀lù náà lọ tààrà díẹ̀, nígbà tí eré rẹ̀ dínkù, ó yà bàrá sápá kan, ó wọ abẹ́ àga lọ.

"Ilẹ̀ yìí ló dagun," Láníyan ní.

Àyọ̀ká gbójú sókè. "Ilẹ̀ tí a ti ń gbé látọjọ́ yìí?"

Láníyan gbé e lọ sórí dígí tó fi ń pàtẹ nínú ìsọ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ibi yòówù kó yí i sí, bọ́ọ̀lù náà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sì parí pẹ̀lú ìtiro. Ó dán àwọn ìyókù wò, díẹ̀ nínú wọn ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ó jókòó. Ó mọ̀ pé ilé Bàbá Ọládòkun kò jìnnà. Ó kàn yẹ kí òun lọ sọ pé, "Mo ṣì í rà ni." Ṣùgbọ́n ìyìn tí wọ́n yìn ín ṣì ń dún létí rẹ̀. Ó da bọ́ọ̀lù sínú àpò, ó so ẹnu rẹ̀ le.

Ọjọ́ ìdíje pé, àtíbàbà kún fọ́fọ́. Ẹni tí àwọn ará Òkè-Awẹ́ mú wá jẹ́ ọkùnrin gìrìwò kan tó ń fi gbogbo apá na bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tí a bá sì nà bẹ́ẹ̀ kì í ráyè tẹ̀. Èyí tí a bá tì jẹ́jẹ́ ni àbùkù inú rẹ̀ máa ń hàn. Nítorí náà, Múfútáù ni ìyà náà dé sí. Ó ń tàsé ibi tí kò tàsé rí, òógùn bò ó, síbẹ̀ ó forí tì í títí ó fi ku bọ́ọ̀lù dúdú nìkan. Bọ́ọ̀lù náà kò jìnnà sí ihò, bí ẹni jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Múfútáù tẹ̀ ba, ó fi bọ́ọ̀lù funfun tì í jẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bọ́ọ̀lù dúdú ń lọ, ó ń lọ, nígbà tó kù díẹ̀ kó wọlé, ó yà bàrá, ó fara kan etí ihò, ó dúró. Ọkùnrin Òkè-Awẹ́ yẹn nà án wọlé, eré tán.

Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé, "Ṣebí Òkè-Awẹ́ ni Múfútáù ti ń kọ́lé fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ ò wá rí i? Ó ti tà wá."

Múfútáù gbọ́ ọ. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá," ó ní fún Bàbá Ọládòkun, "bọ́ọ̀lù yìí ò dọ́gba, sà. Ó ń tẹ̀ sápá kan."

Bàbá Ọládòkun yíjú sí Láníyan. "Láníyan, ìwọ lo rà á. Ṣé ó dọ́gba?"

Ojú gbogbo ènìyàn bọ́ sí Láníyan lára. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ bí iṣu gbígbóná, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú síta. Ó wo ilẹ̀.

"Mo rà á dáadáa," ó ní. "Ọwọ́ ẹni tó gbá a ni kí ẹ wò."

Bàbá Ọládòkun ìbá mú bọ́ọ̀lù náà, ìbá yí i wò lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ti sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, kí a tún máa dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò dà bí kí a pè é ní òpùrọ́. Ó fi í sílẹ̀.

Wọ́n yọ Múfútáù kúrò lẹ́gbẹ́. Àwọn tó fẹ́ fún un níṣẹ́ wá bíríkìlà mìíràn. Ìsọ̀ Láníyan kọjú sí ẹ̀rọ omi àdúgbò, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin kan ti korobá ìyá Múfútáù sẹ́yìn, tó ní, "Ẹ lọ pọn omi yín ní Òkè-Awẹ́. Ṣebí ibẹ̀ lọmọ yín tà wá sí." Ìyá náà gbé korobá rẹ̀ lófìfo, ó ń lọ. Láníyan wọnú ìsọ̀, ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Múfútáù fúnra rẹ̀ yọ sí ìsọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àpò irinṣẹ́ ń bẹ léjìká rẹ̀. Láníyan rò pé ìjà ló bá wá. Múfútáù gbé àpò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní. "Mo bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà yín níwájú àlejò. Ohun tó jọ lójú mi ni mo sọ. Bí ẹ̀yin bá ní ó dára, a jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ṣì í. Mo ń lọ sí Òkè-Awẹ́ láti máa gbébẹ̀. N kò fẹ́ lọ láì tọrọ àforíjì."

Ohun tó jáde lẹ́nu Láníyan ni, "Dìde. Kò burú." Múfútáù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ìdúpẹ́ yẹn ló pa Láníyan.

Àyọ̀ká ń to aṣọ lẹ́yìn ìsọ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Bàbá Dúpẹ́," ó ní fún ọkọ rẹ̀, "mo rí bọ́ọ̀lù yẹn lọ́jọ́ tó wọ abẹ́ àga. Mo dákẹ́, torí mo rò pé ẹ óò tún un ṣe. N kò mọ̀ pé ẹ óò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ dọ̀bálẹ̀ fún yín lórí rẹ̀."

Láníyan ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó lọ sábẹ́ àtíbàbà láì wọ fìlà. Ẹgbẹ́ wà níjókòó. Ó ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dúdú wá. Ó gbé e sórí tábìlì, ó rọra fi ọwọ́ yí i. Wọ́n rí i bó ṣe lọ, wọ́n rí i bó ṣe yà. Ó tún yí i láti ìhà kejì, ó tún yà.

"Mo ti mọ̀ kí ẹ tó gbá a," ó ní. "Ẹni tó tà á ní kí n yí i wò, ojú tì mí láti lóṣòó lọ́jà. Mo délé, mo yí i, mo rí i, ojú tún tì mí láti sọ fún yín. Múfútáù kò tà yín. Èmi ni mo tà á."

Kò sí ẹni tó bú u. Ìbá sàn fún un bí wọ́n bá bú u. Bàbá Ọládòkun ní, "Èmi náà lè yí i wò lọ́jọ́ yẹn. Ojú rẹ ni mo wò tí n kò ṣe é." Àwọn ìyókù ń wo ẹsẹ̀ ara wọn, nítorí ẹnu wọn náà ló pe Múfútáù ní ọ̀dàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Láníyan lọ sí Òkè-Awẹ́. Ó bá Múfútáù níbi tó ti ń to búlọ́ọ̀kù, ó sọ ohun gbogbo fún un, kò bu ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Múfútáù fi ṣíbí ìrẹ́lé rẹ́ sìmẹ́ńtì, ó gbé búlọ́ọ̀kù lé e, ó fi okùn wò ó bóyá ó gún.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ó ní. "Ìyá mi ni kí ẹ lọ bá. Èmi ọkùnrin ni mí, mo lè kó lọ síbòmíràn. Àwọn ò níbi tí wọ́n fẹ́ lọ."

Láníyan lọ bá ìyá náà nídìí ẹ̀rọ omi, nígbà tí èrò pọ̀ jù. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ sókè kí gbogbo ẹni tó ń pọnmi lè gbọ́. Obìnrin náà ní kó dìde. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, Láníyan náà kò sì béèrè.

Múfútáù kò padà wá gbé ní Ìlágbẹ̀dẹ mọ́. Láníyan ṣì ń taṣọ, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ra nǹkan mọ́. Bí oníbàárà bá wá, tí ojú ń tì í láti ní kí wọ́n tú ìdì aṣọ fún òun, tó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, mo gbà yín gbọ́," Láníyan fúnra rẹ̀ á tú aṣọ náà pátá, á tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, á sì sọ̀rọ̀ láì wò ó lójú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ ní gbogbo ìgbà. Àwọn tó gbọ́ ọ gbé e délé, àwọn ọmọ wọn gbà á lẹ́nu wọn, títí ó fi di ti gbogbo ìlú:

"Wò ó dáadáa. Ẹni tó tijú àtiyí bọ́ọ̀lù wò lọ́jà, ìtìjú ló rà wálé."