Agolo Ọ̀dà Abẹ́ Abínú

Ní Òkè-Arárọ̀mí, bí rédíò kan bá dákẹ́ tàbí tí fáànù kan bá kọ̀ tí kò yí, orúkọ méjì ló máa ń bọ́ sí àwọn ènìyàn lẹ́nu. Èkíní ni Bàbá Súnmọ́nù, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Oníná. Èkejì ni Oyèníran, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ilé Bàbá Súnmọ́nù ni Oyèníran ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti hu irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ tí ó ṣe fíríídọ̀mù, bàbá náà fi tẹ́sítà ọwọ́ ara rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Oyèníran kì í ṣe aláìmoore. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ohun kan wà nínú iná mànàmáná tí òun kò mọ̀.

Ẹ̀rọ tó fa ọ̀rọ̀ yìí wà ní gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ Alàgbà Pópóọlá. Alàgbà yìí ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Bàbá Atukọ̀. Òun ló gbé ẹ̀rọ náà ti òkè òkun bọ̀. Ó rí bíi tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi gíláàsì bò lójú, ojú rẹ̀ sì rọra tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta á. Wọ́n á ta bọ́ọ̀lù irin kan sínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà á máa kọlu èyí, á máa kọlu ìyẹn, gílóòbù á máa tàn, agogo á máa dún, òǹkà á sì máa gòkè lára pátákó tó dúró bí orí lókè ẹ̀rọ náà. Àwọn òyìnbó tó ṣe é mọ̀ pé ọmọ aráyé kò lè ṣe kó má ṣe màgòmágó. Wọ́n fi irin kan kọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi òrùka irin yí i ká. Bí ẹnìkan bá mi ẹ̀rọ náà kí bọ́ọ̀lù má baà bọ́ sínú ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin á kan òrùka, iná pupa á tàn, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìlú fi sọ ọ́ ní Abínú.

Ọjọ́ pẹ́ tí Bàbá Súnmọ́nù ti ń tọ́jú Abínú. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, Bàbá Atukọ̀ gbé iṣẹ́ náà lé Oyèníran lọ́wọ́. Bàbá Súnmọ́nù kò bínú rárá. Ó ní, "Ọmọ mi náà ló gbà á, kò jáde nílé." Lọ́jọ́ tí Oyèníran kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ náà, èèrà ló bá lórí wáyà, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe fún kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ: ó wá agolo, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kọ̀ọ̀kan sínú agolo kọ̀ọ̀kan, ó sì bu kẹrosíìnì sí wọn. Èèrà kò padà wá mọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó nu ọwọ́, ó gba ilé lọ.

Kò pẹ́ sí i ni Abínú bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ẹnikẹ́ni kò ní mì í, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ líle kàn án, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti kọlu ẹ̀gbẹ́ kan gbọ̀ngbọ̀n, iná pupa á tàn, ó parí. Oyèníran tú orí ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó pààrọ̀ fíúsì, ó fi sáńpépà ha ojú irin gbogbo tí wáyà fẹnu kò lórí, ó fi tẹ́sítà tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo irin tó so rọ̀ àti òrùka rẹ̀ pàápàá. Bí bọ́ọ̀lù kò bá sí lórí ìrìn, irin àti òrùka kì í kanra. Ó tún un dè, ó ta bọ́ọ̀lù, iná pupa tún tàn.

Lámínà télọ̀, tí kò sí ọjọ́ kan tí kì í wá síbẹ̀, rí i níbi tó gbé ń làágùn. "Oyè," ó ní, "ṣé ò ń tún un ṣe ni, àbí ò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sùn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Oyèníran náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí wọn.

Ọjọ́ Ìwálé sì ti ń kan ilẹ̀kùn, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ìlú máa ń ti ẹ̀yìn odi bọ̀ wá sílé. Bàbá Atukọ̀ ti sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n á wá ta bọ́ọ̀lù ìgbà èwe wọn. Nígbà tó rí i pé orí ẹ̀rọ náà ṣì wà nílẹ̀, ó ní, "Oyèníran, bó bá ti kọjá agbára rẹ, sọ, kí n ránṣẹ́ pe ọ̀gá rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára níwájú gbogbo èrò. "Ẹ má wulẹ̀ pè wọ́n, Bàbá," ó ní. "Ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìgbà tí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn? Ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ṣé á máa ṣàdúrà kí ẹni tó gbà á yó?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ni ojú ti Oyèníran, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ọjà tó tú, ó ti di pé Bàbá Oníná fi oògùn di ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ nítorí ìlara. Àwọn tó gbé rédíò wá tún ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ wá gbé e lọ láìtíì ṣe é. Tẹ́lẹ̀, bàbá náà máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta gbọ̀ngàn nírọ̀lẹ́, kó lè máa gbọ́ agogo Abínú. Bẹ́ǹṣì náà ṣófo.

Ìyá Ràfátù, aya bàbá náà, pàdé Oyèníran nídìí ẹ̀rọ omi. Obìnrin yìí ló máa ń fi oúnjẹ tirẹ̀ pamọ́ dè é nígbà tó ń kọ́ṣẹ́.

"Oyèníran, ṣé ìwọ lo sọ ọ́?"

"Wọ́n ti bù mọ́ ọ̀rọ̀ náà, Ìyá."

"N kò bi ọ́ bóyá wọ́n bù mọ́ ọn. Mo ní, ṣé ìwọ lo sọ ọ́?"

Oyèníran ń wo ilẹ̀. Ìyá náà gbé korobá omi rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìwálé ku ọ̀la, Oyèníran nìkan ló wà nínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án. Ó gbé nọ́ọ̀tì irin kékeré kan lé orí gíláàsì. Dípò kí nọ́ọ̀tì náà yí wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà, ẹ̀gbẹ́ òsì ló yí lọ, ó sì já bọ́ sílẹ̀. Oyèníran kúnlẹ̀ láti wá a. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti kan agolo mẹ́rin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé síbẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ agolo mílíìkì. Ẹ̀kẹrin jẹ́ agolo ọ̀dà, nítorí pé agolo mílíìkì kò tó lọ́jọ́ náà. Ó ti ìka bọ inú kẹrosíìnì rẹ̀. Ọ̀dà tó gan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó nípọn tó àtàǹpàkò, ó sì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà sókè ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rọ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin inú rẹ̀ sún mọ́ òrùka tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbọ̀n díẹ̀ ti tó láti mú kí wọ́n kanra.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú òórùn kẹrosíìnì. Nígbà tó yá, ó wá agolo mílíìkì kan, ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó ta bọ́ọ̀lù. Agogo dún, ó tún dún, iná pupa kò tàn. Lámínà gbọ́ ọ láti ìsọ̀ rẹ̀, ó sáré wọlé, ó ń pariwo, "Oyè ti já okùn bàbá yẹn o!" Oyèníran lè sọ òtítọ́ níbẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó ti agolo ọ̀dà náà sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì lè jẹun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún gbọ̀ngàn dẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Atukọ̀ gbé ọwọ́ Oyèníran sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ náà kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí Ìyá Ràfátù fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Bàbá Súnmọ́nù ṣí fìlà.

"Ẹ̀yin ará ìlú mi," ó ní, "n kò di ẹ̀rọ kankan, n kò mọ̀ ọ́n dì. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣe bàìbàì kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ti rò ó títí, oorun ò kùn mí. Bóyá èmi ni mo so wáyà kan lódì nígbà tí mo ṣí i kẹ́yìn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Alàgbà, ẹ forí jì mí. Oyèníran, ọmọ mi, o ṣeun tí o bá mi tún un ṣe."

Oyèníran ìbá gbà kí wọ́n nà án níbẹ̀ ju kó gbọ́ ọpẹ́ yẹn lọ. Ó yọ agolo ọ̀dà náà nínú àpò, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà padà sínú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. "Lámínà, ta á," ó ní. Lámínà ta bọ́ọ̀lù. Agogo dún lẹ́ẹ̀kan, iná pupa tàn, Abínú dákẹ́.

Oyèníran dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọ̀gá, ẹ kò so wáyà kankan lódì. Agolo tèmi ni. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, èmi náà ni mo fi orúkọ yín bò ó mọ́lẹ̀. Mo sì ti mọ̀ láti àná."

Bàbá Súnmọ́nù na ọwọ́, wọ́n fa agolo náà yọ fún un. Ó fi ìka wá inú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọ̀dà ni."

"Ọ̀dà ni, sà."

"O sì tú gbogbo orí ẹ̀rọ yìí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo tú, sà."

"O ò wo ẹsẹ̀."

"N kò wò ó, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Lámínà pàápàá kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó gba rédíò wọn padà ń wo ara wọn, wọ́n ń yẹ ojú. Bàbá Súnmọ́nù fi ọ̀pá rẹ̀ kan Oyèníran léjìká pẹ̀lẹ́. "Dìde, kó o tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé. Àwọn àlejò ti dúró pẹ́."

Wọ́n gbé rédíò padà fún bàbá náà, ó sì padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Oyèníran gbé agolo náà kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi í léèrè rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́, á sì máa wo ilẹ̀ bó ṣe wò ó nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́sí. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan ní Òkè-Arárọ̀mí bá ti fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn, àwọn àgbà á dá a dúró, wọ́n á ní: kí a tó tú orí, ẹsẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.