Bí Koríko Ṣe Gba Àárín Ọ̀nà Oko

“Lọ gbé ìyá mi wá láti abà kí ọ̀nà tó dí. Má sì jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tí Mọ́rádéùn sọ kẹ́yìn fún Akíndípẹ̀, ọkọ rẹ̀, nìyẹn. Ó sọ ọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà, ó sì yíjú sí ògiri. Kò sọ òmíràn mọ́.

Nígbà láéláé ni, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń fọhùn bí ènìyàn, tí koríko sì ń dá ni lóhùn. Nígbà náà, kò sí ẹyọ koríko kan lójú ọ̀nà oko. Láti etí kan dé èkejì, ọ̀nà mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni Koríko ń gbé, ibẹ̀ ni ó ti ń wo àwọn tó ń kọjá.

Akíndípẹ̀ ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ fi ń kó ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé. Akíndípẹ̀ á wà á, Mọ́rádéùn á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú. Píkọ́ọ̀pù fẹ́ràn obìnrin náà púpọ̀, nítorí pé kì í fi agbára ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Akíndípẹ̀ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lọ síbì kan. Ìyá Mọ́rádéùn kò wá síbi ìsìnkú náà, nítorí àṣà wọn kò gbà kí òbí rí sàréè ọmọ rẹ̀. Abà ni ìyá arúgbó náà wà, lẹ́yìn àbàtà, òun nìkan pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá sì dé, àbàtà yóò kún. Kò sí ẹni tí yóò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Píkọ́ọ̀pù fọn fèrè.

“Bàbá,” ni ó wí, “òjò ti ń ṣú lápá oko. Ṣé a kò ní lọ gbé Ìyá ni?”

“A ó lọ.”

“Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi ná.”

Akíndípẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo táyà rẹ̀. Gbogbo wọn ti jẹ, wọ́n ń dán bí orí apárí. Ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó sì rọra wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Lásísì alátáyà.

Oríṣiríṣi táyà ni ó wà ní ìsọ̀ Lásísì. Àwọn kan fẹ̀, àwọn kan tẹ́ẹ́rẹ́. Katakata kan dúró níwájú ìsọ̀, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú,” ni Lásísì wí. “Ibo lẹ fẹ́ gbé e lọ tí ẹ fi ń wá táyà?”

“Abà. Ilé àna mi.”

Katakata gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ilé àna, pẹ̀lú ẹsẹ̀ adìẹ yìí? Píkọ́ọ̀pù, ojú kì í tì ọ́? Wo ẹsẹ̀ tèmi. Bí mo bá tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ á mọ̀ pé ẹnìkan kọjá!”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akíndípẹ̀ létí. Ní ìlú wọn, ọkùnrin kì í lọ sílé àna bí ẹni tó ń lọ sí oko. Agbádá tó bá tóbi jù lọ ni yóò gbé wọ̀. Ó ronú ohun tí àwọn ará abà yóò wí bí wọ́n bá rí i. Ó wá na ìka sí táyà tó fẹ̀ jù lọ nínú ìsọ̀ náà. Ó fẹ̀ bí odó tí wọ́n dá dùbúlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?” ni Lásísì bi í.

“Fi sí i.”

Lásísì fi sí i, Akíndípẹ̀ àti Píkọ́ọ̀pù sì bọ́ sí títì ọ̀dà. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Píkọ́ọ̀pù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

“Bàbá, ẹsẹ̀ yìí wúwo o. Bí ẹ bá yí ọwọ́ mi, á máa ha mí lára.”

“Pẹ̀lẹ́.”

“Epo inú mi ti ń lọ.”

“Mo ní pẹ̀lẹ́.”

Òjò díẹ̀ ṣú, ó rọ̀ sórí títì, omi sì dúró níbẹ̀. Táyà fífẹ̀ náà kò lè la omi kọjá kí ó kan ọ̀dà. Ó gun orí omi bí pẹ́pẹ́yẹ. Akíndípẹ̀ yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ kọrí sósì.

“Yéè! Bàbá, n kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́!” ni Píkọ́ọ̀pù kígbe.

Ẹnu kòtò ni ó dúró sí. Díẹ̀ ló kù kí ó kó sí i. Akíndípẹ̀ yí ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ Lásísì.

“Ẹ ti dé?” ni Lásísì wí. “Báwo ni Ìyá?”

“A ò tíì dé ọ̀hún.”

Kẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ láti ibi tó fara tì. “Èmi mọ̀ pé ẹ máa padà. Ariwo Katakata lẹ gbọ́ tí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wo ẹsẹ̀ tèmi bó ṣe rí bí okùn. Ta ló gbọ́ ọ rí pé mo da títì rú?”

Ojú ti Akíndípẹ̀. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lòun, kí ló kan òun nínú agbádá? Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ a máa rọra rìn ni.

“Fún mi ní èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù,” ni ó wí. “Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kíyè sí.”

Lásísì gbọn orí, ṣùgbọ́n ó fi sí i.

Lórí títì, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ dára. Ó ń gé omi ṣìì, ó ń kan ọ̀dà. Inú Píkọ́ọ̀pù dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Wọ́n yà sí ọ̀nà oko, orin kò dáwọ́ dúró. Wọ́n dé àbàtà, orin dúró.

Táyà náà wọ inú ẹrẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Bí Akíndípẹ̀ ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń rì tó, títí ikùn rẹ̀ fi jókòó sórí ẹrẹ̀.

“Bàbá, ó ti tán,” ni Píkọ́ọ̀pù wí.

Akíndípẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó wo apá ibi tí abà wà. Òjò ńlá ti ṣú bolẹ̀ níbẹ̀. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ tí Mọ́rádéùn ti kú, ẹkún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí.

“Akíndípẹ̀,” ni ohùn kékeré kan pè é láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi Koríko ni. Ìyàwó rẹ dà?”

Akíndípẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú.

“Mo ti ń retí rẹ̀,” ni Koríko ń bá a lọ. “Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, á gbé ọkọ́ wá. Á ro mí kúrò lójú ọ̀nà láti etí títì títí dé ẹnu abà, kí ọ̀nà ìyá rẹ̀ lè mọ́. Ọwọ́ obìnrin yẹn le! Kò fi ẹyọ mi kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ro mí lọ, á máa bẹ̀ mí. Á ní, ‘Koríko, má bínú, ìyá mi ni mo ń lọ wò.’ Lọ́dún yìí, n kò rí i.”

Akíndípẹ̀ yíjú sí Píkọ́ọ̀pù. Píkọ́ọ̀pù ló dáhùn fún un.

“Kò sí mọ́,” ni ó wí.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ Koríko síhìn-ín, ó fẹ́ ẹ sọ́hùn-ún.

“Háà,” ni ó wí nígbà tó yá. “Èmi tí mo ti pinnu pé bó bá dé lọ́dún yìí, a ó jọ fà á! Ẹ kú ìrọ́jú o. Ta ni yóò wá máa ro ọ̀nà?”

“N kò mọ̀,” ni Akíndípẹ̀ wí. “Ọkọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò tíì lè fọwọ́ kàn án.”

“Má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí n wọlé.”

“Wọlé síbo?”

“Sójú ọ̀nà. Ọ̀nà tó mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ dára fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Fún ọkọ̀, kò dára, nítorí kò sí ohun tó di ilẹ̀ mú. Jẹ́ kí n jókòó sáàárín. Èmi yóò fi gbòǹgbò di ilẹ̀ mú fún ọ, ìwọ yóò máa fi táyà rẹ gba ọ̀tún àti òsì mi. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ìyá yóò ṣe wà ní ṣíṣí.”

“Bí mo bá tẹ̀ ọ́ lórí ńkọ́?” ni Píkọ́ọ̀pù bi í.

“Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀. Bí ẹ bá gbé táyà tó fẹ̀ bí ti Katakata wá, ẹ ó tẹ̀ mí pa. Bí ẹ bá gbé tẹ́ẹ́rẹ́ yìí wá, yóò gé mi ní gbòǹgbò, ẹ ó sì tún rì. Ẹ fa ẹyọ mi kan tu. Ẹ ṣẹ́ ẹ níbi oríkèé. Láti ìdí rẹ̀ dé ibẹ̀ ni kí táyà yín fẹ̀ mọ.”

Akíndípẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Koríko tún ní kí ó já òun sí i, kí ó kó òun sábẹ́ táyà. Táyà rí nǹkan dì mú, Píkọ́ọ̀pù fi ẹ̀yìn rìn jáde kúrò nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí Lásísì rí wọn, ó gbé ọwọ́ lé orí. “Ẹ̀gbọ́n! Ṣé gbogbo ìsọ̀ yìí lẹ fẹ́ dán wò ni?”

Akíndípẹ̀ gbé koríko náà lé e lọ́wọ́. “Wá èyí tó bá èyí dọ́gba.”

“Koríko!” ni Katakata pariwo. “Wọ́n ń fi koríko wọn bàtà!”

“Òun ló ń gbé ojú ọ̀nà náà,” ni Akíndípẹ̀ wí. “Ìwọ kò débẹ̀ rí.”

Lásísì ń fi koríko náà wọn táyà kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi rí i. Kò fẹ̀ jù, kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìlà ojú rẹ̀ sì jìn, kí ó lè máa tu ẹrẹ̀ dànù.

Wọ́n fi táyà náà kọjá àbàtà, wọ́n sì sáré dé abà bí ẹ̀kán òjò ńláńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìyá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹrù rẹ̀ wà ní dídì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Akíndípẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

“Dìde, àna mi. Aṣọ rẹ ti bàjẹ́.”

“Ìyá, mo pẹ́.”

“O pẹ́ lóòótọ́. Mo di ẹrù yìí, mo tú u, mo tún un dì. Mo ní bóyá ìwọ náà kò ní wá mọ́.”

Wọ́n kó ewúrẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá ká ìró sókè, ó fẹ́ gùn tẹ̀ lé wọn.

“Ìyá, rárá. Iwájú ni.”

“Ìjókòó ọmọ mi nìyẹn.”

“Òun ló ní kí ẹ jókòó síbẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ bá ewúrẹ́ jókòó.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá kí ó tó mọ̀. Ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

“Ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ohun tó sọ kẹ́yìn ni.”

Píkọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá wọ ọkọ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ti máa ń tì í.

Òjò ti dé àbàtà ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n Koríko ti jókòó sáàárín ọ̀nà, ó na gbòǹgbò, ó di ilẹ̀ mú ṣinṣin. “Ẹ rọra máa bọ̀,” ni ó wí. Táyà kan gba ọ̀tún rẹ̀, èkejì gba òsì. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ lórí, wọn kò gé e ní gbòǹgbò. Wọ́n la àbàtà já, wọ́n bọ́ sí títì ọ̀dà, táyà ń gé omi lọ títí wọ́n fi délé.

Láti ọjọ́ náà ni koríko ti ń hù láàárín ọ̀nà oko, tí ọkọ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni táyà píkọ́ọ̀pù kò ti fẹ̀ bíi ti katakata, tí kò sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá jókòó nínú rẹ̀ lọ sí oko, ẹ dákẹ́, ẹ ó gbọ́ bí koríko ṣe ń fi orí ha ikùn ọkọ̀. Ó ń bi yín pé, “Ṣé Ìyá ti délé?”

Ìyá ti délé. Akíndípẹ̀ ti ṣe ìyẹn.

Kò tíì ká aṣọ Mọ́rádéùn kúrò lórí okùn. Kò tíì fọ ife tí ìyàwó rẹ̀ fi mu omi kẹ́yìn. Kò tíì sùn láàárín ibùsùn. Kò tíì padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Koríko. Kò tíì gbé ọkọ́ náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.