Ògiri Tí Ṣàngódèyí Rẹ́

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, a ti ń pa òwe yìí láti ìgbà tí a ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ti bi ara rẹ̀ pé ọ̀lẹ wo ló kọ́kọ́ fi itọ́ mọlé? Mo ti dán an wò. Amọ̀ tí kò ju ẹyin adìẹ lọ gba itọ́ mi láti ìgbà tí mo jẹun àárọ̀ tán títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń dùn mí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ odidi ilé kì í ṣe ọ̀lẹ mọ́, akíkanjú ni! Ìtàn tó tú àdììtú náà fún mi nìyí.

Ní Agbédò, ìlú kékeré kan tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, baálé ilé kan wà tó ń jẹ́ Ọdúnlámì. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé tó ń gbé. Nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ògiri amọ̀ ni bàbá àgbà yẹn kọ́kọ́ mọ yí ìsàlẹ̀ yàrá ẹ̀yìn ká, ó to igi ọ̀pẹ lé e lórí bí ẹni to àjà, ó sì rẹ́ amọ̀ sórí igi náà. Bí yàrá ṣe wà lókè nìyẹn, tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo, ihò tí ènìyàn kò lè wọ̀ àfi kó fàyà wọ́. Nígbà tó yá, àgbàrá fọ́ ògiri ìsàlẹ̀ yìí, ikán jẹ igi, ọyẹ́ sì ń gba abẹ́ ilé wọlé bí àlejò tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ta ló ń sùn nínú yàrá náà? Ìyá tó bí Ọdúnlámì ni, arúgbó tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ikọ́ kò jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n ní kó kó lọ sí yàrá mìíràn, ó ní yàrá tí òun ti bí ọmọ méje ni òun yóò kú sí, ọyẹ́ kò sì tó ẹni tí yóò lé òun jáde.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Ṣàngódèyí ló ń fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Ọdúnlámì. Ọdúnlámì kò ní kó wá kọ igba ebè. Abẹ́ ilé yìí ló ní kó bá òun tún ṣe: kó pààrọ̀ igi tí ikán jẹ, kó fi koríko gbígbẹ àti ewé gbódògì dí abẹ́ igi kí òtútù má lè gòkè, kó sì tún ògiri mọ.

"Bí ìyá mi bá sùn níbẹ̀ tí kò wúkọ́ títí oṣù yìí fi parí, wá mú ìyàwó rẹ."

"Bàbá, ṣé èyí náà ni iṣẹ́?" Ṣàngódèyí fọwọ́ lu àyà. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán ná. Bí erin bá fara gbá ògiri náà, erin ni yóò ṣubú."

Àwẹ̀ró dá sí i láti inú ilé. "A kò ní erin ládùúgbò yìí. Omi ni kí ẹ máa rò."

Ọmọbìnrin náà mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó ń po amọ̀ yóò walẹ̀, yóò bu omi sí i, yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, yóò tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá mọ ipele kan, yóò dúró kó gbẹ kó tó gbé òmíràn lé e. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, odò wà ní ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún.

Ṣàngódèyí kó ọkùnrin mẹ́jọ wá pẹ̀lú akèrègbè omi mẹ́ta. Wọ́n mu omi náà tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwàdà Ṣàngódèyí àti ìlérí rẹ̀ ń gbẹ ènìyàn lọ́fun. Ta ni yóò wá lọ sódò? Olúkúlùkù rántí pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n bá kó erùpẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú koríko, wọ́n tì í bọ ẹnu ihò náà. Igi tí ikán jẹ ńkọ́? Wọ́n fi í sílẹ̀, kí ikán má baà sùn lébi. Ó wá ku ojú ògiri, èyí tí àna yóò rí. Ṣàngódèyí há obì fún wọn. Wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń tutọ́ sọ́wọ́, wọ́n sì ń fi ọwọ́ náà ra ojú erùpẹ̀. Àdììtú mi tú níbẹ̀: ojú nìkan ni wọ́n fi itọ́ ṣe, inú kò rí nǹkan kan. Kí oòrùn tó wọ̀, ògiri ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán ju iwájú orí baálẹ̀ lọ.

Ọdúnlámì yìn wọ́n. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ gbé imú sún mọ́ ògiri.

"Ọkọ Àwẹ̀ró, amọ̀ yín yìí ń rùn bí obì."

"Amọ̀ tuntun ni, Ìyá Àgbà. Ọ̀nà jíjìn la ti lọ wà á."

"Ẹ kú ìrìn o," ni arúgbó náà wí, ó sì wọlé lọ wúkọ́.

Kí ẹ má rò pé òjò ló dé. Òjò kò rọ̀, ìjì kò jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ìrì ló sẹ̀ lórí òkè Agbédò, irú èyí tí kò lè pa iná fìtílà. Ìyá Àgbà jí, ó mú orín, ó jáde síta láti rún un, ó sì fọwọ́ kan ti ògiri. Ọwọ́ náà wọlé dé ìgúnpá. Kó tó fà á yọ, ojú ògiri ti yọ́ wálẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, erùpẹ̀ tẹ̀lé e, igi tí ikán jẹ ṣẹ́, yàrá náà sì rì wọ abẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹní, àpótí àti ohun gbogbo. Ká ní arúgbó náà pẹ́ díẹ̀ kó tó jí ni, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá máa hú.

Ṣàngódèyí gbọ́ ariwo, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré dé.

"Háà! Ta ló wó ilé yìí? Ẹ fi ọ̀tá náà hàn mí!"

"Ìrì ni," ni Ìyá Àgbà wí. Ó ṣì ń gbọn erùpẹ̀ kúrò ní apá.

"Ìrì kẹ̀? Ìyá Àgbà, ìrì wo ló lè wó ilé?"

"Ilé tí a fi omi mọ, òjò á pa á, ẹ̀fúùfù á lù ú, á sì dúró. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Má wá ọ̀tá lọ jìnnà, ọmọ mi. Tutọ́ sílẹ̀ kí o wò ó."

Gbogbo ènìyàn ń wo ojú Àwẹ̀ró. Ó wọlé, ó gbé agbọ̀n iṣu tí Ṣàngódèyí fi tọrọ rẹ̀ jáde, ó sì gbé e ka iwájú rẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ. Ẹ kúkú pọ̀, kò ní wúwo."

Lẹ́yìn náà ó gbé ìkòkò omi, ó forí lé ọ̀nà odò. Bàbá rẹ̀ gbé òmíràn, ó tẹ̀lé e.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ń fi ojú ayé ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó fi òógùn ṣe, àti fún ẹni tó gbé òwò, oyè tàbí ìgbéyàwó ka orí irọ́, pé nǹkan kékeré ni yóò tú u, kò ní dúró de ńlá. Wọn kì í pa á fún ẹni tí òjò wó ilé rẹ̀. Ìyẹn, wọ́n á bá a kẹ́dùn, wọ́n á sì bá a pọnmi.